Ti Pálọ̀ Ọ̀tọ̀, Ti Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀tọ̀

Òórùn ẹja gbígbẹ kò tíì kúrò lára àwọn ìwé náà títí di òní. Bí mo bá ṣí agolo tí mo kó wọn sí, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde kí n tó rí ohun tí a kọ sí wọn, yóò sì gbé mi padà sí Ìbèrèko nítòsí Àgbádárìgì, sí pálọ̀ ìyá onílé mi, níbi tí mo ti fi odidi ọdún kan wo àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré. Eré ni a pè é. Ẹni tó bá já lù wá lọ́jọ́ náà yóò rò pé ẹbí olóògbé ló ń ṣèpàdé, nítorí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà ọ̀wọ́n ni ìgbà náà. Ológun ló ń ṣe ìjọba, àwọn ọmọ kékeré pàápàá sì mọ Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, bí ẹni mọ orúkọ aládùúgbò. Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó wá forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì. Mo fọ́nnu fún gbogbo ará ilé pé ọdún mẹ́ta péré ni n ó lò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti lo mẹ́fà. Bí àwọn olùkọ́ kò bá daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba á ti ilé ẹ̀kọ́. Bí ìjọba bá sì ṣí i, kò ní sí iná, kò ní sí bébà. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹnu àáké tèmi ti kú pátápátá, n kò sì tíì gbóòórùn oyin.

Bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo ro ibi tí mo wà, àyà mi á fún. Iwájú mi, ọ̀sà ni. Ọ̀sà tán, òkun. Lápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ti ibodè pa. Lápá ìlà-oòrùn tí a ń gbà lọ sí Ìjànikin àti Èkó, àwọn ṣọ́jà gbé igi dábùú ọ̀nà níbi tó pọ̀ débi pé ènìyàn lè fi ọjọ́ kan dé ibi tí kò tó ìrìn wákàtí méjì. Ó wù mí kí n kúrò níbẹ̀ débi pé mo máa ń fi í lá àlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún mi láti jáde, ìwé ẹ̀rí náà ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ ti kọ̀wé sí mi pé bí n kò bá gbé e dé, kí n má wulẹ̀ padà.

Ohun tí mo ń wádìí ni bí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe ìpinnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, tí n ó máa pè ní ọ̀gá mi, ló kọ́ mi ní ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é. Ó ní bí o bá bi ọ̀gá ilé iṣẹ́ léèrè bó ṣe ń ṣe ìpinnu, ohun tó yẹ kó ti ṣe ni yóò sọ fún ọ, kì í ṣe ohun tó ṣe. Bí o bá sì lọ jókòó tì í níbi iṣẹ́, ojú ayé ni yóò máa ṣe fún ọ. Nítorí náà, kọ́ ilé iṣẹ́ kan fún un lórí bébà, kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, máa ju ìṣòro sí wọn, kí o sì fìdí mọ́ kọ̀rọ̀ kan máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé pé bébà ni. Ìgbà náà ni wàá rí wọn bí wọ́n ṣe rí gan-an.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo kọ́. Mo fún un ní ẹ̀rọ méjì, ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kì í gbádùn. Ìpele kọ̀ọ̀kan nínú eré náà dúró fún oṣù mẹ́ta. Bí ìpele bá bẹ̀rẹ̀, n ó fún wọn ní káàdì tí mo kọ ìròyìn sí: kẹ́míkà tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò dé, epo ọkọ̀ ti wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn. Wọn á jíròrò, wọn á kọ ìpinnu wọn sínú fọ́ọ̀mù, n ó ṣe ìṣirò rẹ̀, n ó sì sọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ fún wọn kí a tó bọ́ sí ìpele tó kàn. Mo ní téèpù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo sì ní fọ́ọ̀mù tèmi tí mo fi ń ṣàmì sí ẹni tó sọ̀rọ̀, bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, àti ìgbà tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, ṣọ́jà kan tú báàgì mi lójú ọ̀nà, ó sì fa ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà yọ. Ó kà á sókè: ẹ dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, tàbí kí ẹ ti ilé iṣẹ́ pa. Ó bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ yìí. Mo ní eré ni, sà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ojú mi kò jọ ti ẹni tó ń ṣeré. Ó fi mí sínú oòrùn títí ara mi fi gbóná, kó tó wá dá báàgì mi padà. Bí mo ṣe ń lọ, ó ké sí mi lẹ́yìn pé àbúrò òun ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọṣẹ, kí n jọ̀ọ́ má dá wọn dúró.

Ọgbà yunifásítì la ti kọ́kọ́ fẹ́ máa ṣe eré náà. Nígbà tí wọ́n tì í pa, ìyá onílé mi yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Sátidé. Opó ni, Ègùn pọ́ńbélé, ẹja ló ń gbẹ tà. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé òun ni kí n jẹ́ kó máa se oúnjẹ fún àwọn àlejò mi. Àwọn àlejò náà jẹ́ mẹ́fà, gbogbo wọn ló ń ṣe ọ̀gá ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Mo máa ń yangàn nígbà náà pé ọgbọ́n mi ni mo fi rí wọn kó jọ. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, kò sí ohun èlò, ẹ̀rọ ti ń dípẹtà, wọ́n kàn ń lọ jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Ilé iṣẹ́ bébà tèmi nìkan ni wọ́n ti ń rí nǹkan pinnu, ìrẹsì tí ìyá onílé fi omi àgbọn sè kò sì burú.

Àgbà nínú wọn ni bàbá kan tó ń darí ilé iṣẹ́ ìṣó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ tutù, yíǹkì aláwọ̀ ewé ló sì fi ń kọ gbogbo ìwé rẹ̀. Bàbá oníṣòó la máa ń pè é. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ń darí ilé iṣẹ́ bisikíìtì, a sì ń pè é ní ọ̀gá kékeré. Bí wọ́n bá dé, àwọn márùn-ún á dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, wọ́n á fún un ní àga tó nírọ̀rí, eré á bẹ̀rẹ̀. N ó ka káàdì. Wọn á dákẹ́. Bàbá á wúkọ́ díẹ̀, á sọ ohun tó rò. Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹlòmíràn á ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí igi kò lè rí i. Èmi tí mo wà ní kọ̀rọ̀ á wo aago, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Báyìí ni mo ṣe kó fọ́ọ̀mù jọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkìtì, tí wọ́n bí sílé tí a kì í ti í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, tí mo ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi ní gbogbo àárọ̀, mo jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú àgbà kan àti ọmọdé márùn-ún, mo ń fi aago wọn ìdákẹ́jẹ́ wọn, mo sì ń pè é ní ìṣọ̀kan. Ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù lójú mi. Òyìnbó tó kọ ìwé ìlànà irú eré náà kò sọ fún mi pé kí n wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ àti ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, èmi náà kò sì wò ó.

Inú ọ̀gá mi dùn púpọ̀ sí àwọn fọ́ọ̀mù yẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí èyí yé yín. Nígbà tí gàrí wọ́n bí ojú, ó pín tilé rẹ̀ fún mi. Ó gbé àpilẹ̀kọ kan ka orí ohun tí mo kó wá, ó ní àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tiwa kì í bá ara wọn jà lórí ìpinnu bíi ti òyìnbó, pé ẹ̀mí ìfìmọ̀ṣọ̀kan ti wà lára wọn láti ilé wá. Ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fún un níṣẹ́. Ó sọ fún mi pé ìparí oṣù tó ń bọ̀ lòun máa lọ, kí n tètè parí ìwé mi. Kò sí ẹlòmíràn ní ẹ̀ka wa tó mọ̀ nípa irú eré náà. Bí ó bá lọ kí n tó parí, ọdún mẹ́fà mi wọ omi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá onílé pè mí sídìí àrò tó ti ń gbẹ ẹja. Ó ní kí n jókòó. Ó ń yí ẹja padà lórí irin, kò wo ojú mi.

“Tíṣà,” ó ní, “àwọn èèyàn rẹ yìí, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ. Ti pálọ̀ ọ̀tọ̀, ti ẹ̀yìnkùlé ọ̀tọ̀. Èwo lò ń kọ nínú méjèèjì?”

Mo ní ti pálọ̀ ni, Ìyá.

“Mẹho ti sọ̀rọ̀,” ó ní. Mẹho ni àwọn Ègùn ń pe àgbà. “Mẹho ti sọ̀rọ̀, ta ló tún kù tó máa sọ̀rọ̀?”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, Bàbá nìkan ni wọ́n máa ń gbé tirẹ̀ fún lórí tíréè nínú pálọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ àgbà. Àwọn márùn-ún tó kù á kó àwo wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á jókòó sórí odó àti pẹpẹ, sínú èéfín ẹja. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Wọ́n á ní ìpinnu tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀ yẹn kò dáa, wọ́n á fi igi ya ìṣirò sílẹ̀, ọ̀gá kékeré á sọ pé òun mọ ọ̀nà tó sàn jù. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á padà wọlé wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ìyá ń gbọ́ ọ. Èmi pẹ̀lú téèpù mi wà nínú pálọ̀, mo jókòó ti Bàbá nídìí ìrẹsì.

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Nígbà tí ó di Sátidé, mo gbé agolo mílíìkì ńlá kan tó ti ṣófo sórí tábìlì, mo sì gé bébà wẹ́wẹ́. Mo sọ fún wọn pé òfin tuntun ti dé láti òkè òkun: kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí kálukú kọ ohun tó rò sínú bébà kékeré kan, kó má kọ orúkọ sí i, kó ká a, kó jù ú sínú agolo. Òfin kankan kò dé láti ibikíbi. N kò tíì purọ́ tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Káàdì ọjọ́ náà ni pé kẹ́míkà kò dé, kò sì ní dé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n lè ṣe. Wọ́n lè dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n lè ti ilé iṣẹ́ pa fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì lè fi àdí ṣe ọṣẹ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é, kí wọ́n máa wo bí ọjà á ṣe gbà á. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n ká a, wọ́n jù ú sínú agolo. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wúkọ́.

“Ó dùn mí o,” ó ní, “ṣùgbọ́n kí a dá ìdajì wọn dúró.”

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀gá kékeré wo ilẹ̀, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n fohùn ṣọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo da agolo náà sórí tábìlì. Mo ti retí pé àwọn ọmọdé máa ta ko àgbà, mo sì ti ń múra ohun tí n ó sọ nípa rẹ̀. Èkíní, àdí. Èkejì, àdí. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, àdí. Mo ṣí ìkẹfà, yíǹkì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àdí ni kí a lò, kí a má dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó fẹ́ ẹ.

Mo tún ṣe é ní Sátidé méjì mìíràn, ohun kan náà ni mo rí. Mo wá lọ bá Bàbá níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní apá Ìjànikin. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Ó fún mi ní àga kan, ó fún mi ní ẹ̀pà. Mo tọrọ gáfárà, mo sọ fún un pé mo dá yíǹkì rẹ̀ mọ̀, mo sì bi í pé kí ló dé tó fi sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Kò bínú. Ó bó ẹ̀pà díẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ohun tí mo rò pé ọ̀gá àgbà máa fẹ́ gbọ́ ni mo sọ.”

Mo ní, ẹ forí jì mí, sà, kò sí ọ̀gá àgbà nínú eré yẹn. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin ni ẹ ga jù nínú rẹ̀, n kò fi ẹnikẹ́ni sórí yín.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí ènìyàn máa ń rín fún ọmọdé tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn.

“Ọ̀gá kì í tán,” ó ní.

Ó sọ fún mi pé òun ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, pé kò sí ọjọ́ kan tí òun sọ ohun tó wà lọ́kàn òun nínú ìpàdé. Nígbà tí òun kéré, òun ń wo ojú àgbà. Nígbà tí òun dàgbà, òun ń wo ojú àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń wo ojú ìjọba, ta ló sì mọ ojú tí ìjọba ń wò. Ó ní nínú agolo mílíìkì yẹn lòun ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí mo ṣe dìde láti máa lọ, ó bi mí bóyá n ó fi sínú ìwé mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú agolo yẹn máa wó àpilẹ̀kọ rẹ̀ lulẹ̀. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, mo gé bébà kékeré kan bí mo ṣe ń gé e fún àwọn yòókù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: N kò ní yọ wọ́n kúrò. Bí oyè bá fẹ́ bọ́, kó bọ́. Mo ká a, mo fi sí ìsàlẹ̀ agolo, mo kó àwọn yòókù lé e lórí. Ọkàn mi wá balẹ̀. Mo rò pé bí ènìyàn bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, ó ti ṣe é nìyẹn.

Inú páálí ni mo bá ọ̀gá mi, ó ń di ìwé. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn páálí náà, ó sì ka àwọn bébà tí mo yọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan; tèmi nìkan ni mo fi sílẹ̀ nínú agolo. Ó pẹ́ lórí aláwọ̀ ewé.

“Nínú ọdún mẹ́fà,” ó ní, “kò tíì sí ohun tó dára tó èyí nínú gbogbo ohun tí o mú wá.”

Orí mi wú. Ó wá ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní àpilẹ̀kọ òun ti jáde, orí rẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n fún òun dúró lé, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ rán wá yẹ iṣẹ́ mi wò wà lára àwọn tó yìn ín jù. Bí mo bá fi bébà wọ̀nyí sínú ìwé mi, wọ́n á ní kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òun kò sì ní sí níbẹ̀ láti gbèjà mi. Ó ní kí n fi fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ parí rẹ̀, kí n kó ìwọ̀nyí pa mọ́. Bó bá di pé mo gba oyè tèmi, kí n kọ ohun tó wù mí. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú.

“Kí ni èrò tìẹ?”

Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró dè mí. Agolo náà wà lórí itan mi, ohun tí mo rò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní nǹkan bíi wákàtí méjì sẹ́yìn. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ tó ní kí n má wulẹ̀ padà. Mo rí igi tí àwọn ṣọ́jà gbé dábùú ọ̀nà, àti ọ̀sà, àti òkun lẹ́yìn ọ̀sà.

“Bí ẹ ṣe wí ni, sà.”

Mo gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, ohùn ọ̀gá kékeré ni, nígbà tó ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá mi mi orí, ó sì padà sídìí ìwé tó ń dì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rántí pé ojú rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ nígbà tí mo dáhùn. Mo ti rò ó, mo ti tún un rò láti ìgbà náà. Bóyá ó ń retí kí n sọ pé rárá. Bóyá òun náà ní bébà kékeré tirẹ̀ níbì kan. N kò bi í, ó sì ti di olóògbé báyìí.

Mo gba oyè náà. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní ìwádìí mi fi hàn bí ìfìmọ̀ṣọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké; tèmi kò tilẹ̀ dé ọjà rárá, inú agolo ló jókòó sí. Bàbá oníṣòó wá kí mi kí n tó kó kúrò ní Ìbèrèko. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n sì ti dá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ dúró kó tó lọ. Ó wé ìṣó tuntun sínú ìwé ìròyìn wá fún mi, ó ní fún ilé tí mo máa kọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ó jẹ ẹ̀kọ àti ẹja lọ́dọ̀ ìyá onílé, lẹ́yìn èyí ló rọra bi mí.

“Ṣé o fi bébà kéékèèké wa yẹn sínú rẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

“Ó dára,” ó ní. “Ó kéré tán, ó wà níbì kan pé a rò ó.”

Ìyá onílé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń di ẹja fún mi tí n ó gbé lọ ilé. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó gbọ́ ìdáhùn mi, ó sì wò mí. N kò lè wo ojú rẹ̀ títí ọkọ̀ tó kó ẹrù mi fi gbéra. Mo gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá, mo kọjá níwájú gbogbo àwọn ṣọ́jà yẹn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi nínú báàgì, kò sì sẹ́ni tó dá mi dúró. Mo ti rò pé bí mo bá rí ọ̀nà yẹn gbà jáde, àyà mi á tú. Kò tú. Ìṣó Bàbá dípẹtà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Mo kọ́lé, ṣùgbọ́n n kò lè kan wọn mọ́ ara igi kankan.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí. Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń darí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Irú eré yẹn lòun náà ń fi ṣe ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó jọ pé òun ti ṣe àṣìṣe. Ohun tí àwọn tó ń ṣe eré náà yàn nígbà tí kálukú dá wà, kì í ṣe ohun tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n jókòó pọ̀. Ó ní kò bá ohun tó wà nínú ìwé mi mu, nítorí náà òun ti yọ ọ́ kúrò.

Mo bi í bóyá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, pé kó yọ ọ́.

“Bí ẹ ṣe wí ni, mà,” ó ní.

Mo dìde, mo lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé agolo náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì ṣí i. Òórùn ẹja náà jáde. Mo ní kó máa kà á. Ó kà á títí, èkíní dé èkejìdínlógún, ti Sátidé mẹ́ta. Ó pẹ́ lórí àwọn aláwọ̀ ewé, bí ọ̀gá mi náà ti pẹ́ lórí wọn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó mú ọ̀kan tó kù, ó kà á, ó gbójú sókè, ó sì bi mí pé ta ló kọ eléyìí.

Mo ní èmi ni. Mo sọ ohun tí mo fi ẹnu dá ọ̀gá mi lóhùn lọ́jọ́ náà fún un, àti ohun tí mo sọ fún Bàbá. Kò tíì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí. Mo ní kó lọ dá ohun tó rí padà sínú ìwé rẹ̀, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé tèmi kò pé. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, mà. Mo ní èmi náà.

Ó ti lọ tán kí n tó kó àwọn bébà náà padà sínú agolo. Mo wá bébà tèmi yẹn láti fi sí ìsàlẹ̀, n kò rí i. Ó ti mú un lọ.